Àga Oníbàárà

Ẹ bá mi wo ọ̀ràn yìí o. Káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Afínjú kò ní àga kankan nílé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ta àga ilé rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lè kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbọ́ "mi ò ní" lẹ́nu ẹ̀ láéláé. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ́fíìsì sì ní àwọn á rán ẹnìkan wá wo ilé wọn. Kí ni Afínjú ṣe? Ó sáré kó àga oníbàárà láti ṣọ́ọ̀bù, àga onítìmùtìmù pupa tí pọ́líìṣì ẹ̀ ò tíì gbẹ, ó tò wọ́n sí pálọ̀. Obìnrin tí wọ́n rán wá jókòó, ara tù ú, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ìdílé yìí ń tó ẹnu. Wọn ò fún un lówó náà; bí ọmọ ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀ padà wálé nìyẹn o.

Ó ti tún kọ̀wé báyìí. Bí wọn ò bá fún un lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíì ni ilé-ìwé máa fún ní àyè rẹ̀. Obìnrin ọjọ́sí náà ló sì tún ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ bá baba rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń nu àga tuntun. 

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o wọlé."

"Ṣé orí ìdúró ni kí àlejò wà ni?"

"Irú àga yìí ló lé mi kúrò nílé-ìwé, Bàbá."

Ọmọ ò sọ ọ́ rí. Ọwọ́ Afínjú dúró lórí àkísà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọ rò pé òun ti ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Nígbà tí obìnrin ọ́fíìsì dé, pálọ̀ ṣófo gbalasa. Afínjú wọ aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ó kí i káàbọ̀, ó ní, "Àga tẹ́ ẹ jókòó lé lọ́jọ́sí, mà, ti oníbàárà ni. Ẹ wá wo tèmi." Ó ṣí yàrá ara rẹ̀, èyí tó máa ń tì pa látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ẹní kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣì hàn lára sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún ìgbéyàwó wọn.

"Bàbá! Bẹ́ẹ̀dì màmá mi dà?"

"Òun la fi san owó ọdún àkọ́kọ́ ẹ." Ó yíjú sí àlejò. "Mi ò ní, mà. Mi ò ní nǹkan kan. Ọmọ ni mo ní."

Háà! Orí ọmọ wú. Ṣé baba tí òun ń bínú sí láti ọdún tó kọjá nìyí? Ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Obìnrin náà bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní.

"Ẹ dìde, mà, aṣọ yín á dọ̀tí!"

"Ibi tó yẹ kí n ti jókòó lọ́dún tó kọjá nìyí, sà." Ó kọ̀wé títí, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí ọmọ máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti padà sílé-ìwé.

Ọmọ ò tiẹ̀ rántí dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú baba rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń sunkún.

"Dìde jàre," ni Afínjú wí, omi ti lé ròrò lójú òun náà. "Àlejò ń wò wá."