Àwọn Ọmọ Ńkọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní àdúgbò Lásúnwọ̀n lọ́dún 2006 tí ìkíni Yorùbá ń pa bí ọtí, Dórísì ni. Jàmáíkà ni òun àti Wínsítìn ọkọ rẹ̀ ti wá sí Ìkòròdú. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Kàkà kí wọ́n jókòó sílé kí wọ́n máa wo ara wọn lójú, wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀ṣì rán àwọn níṣẹ́ Olúwa lọ sí ibi tó bá wù ú.

Iṣẹ́ náà kò ní ariwo nínú. Wínsítìn ń tún àga ṣọ́ọ̀ṣì kàn, Dórísì ń kọ́ àwọn obìnrin níwèé kíkà, bó bá sì di Sátidé, wọn a wọkọ̀ lọ bá ìjọ kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ìkíni ló ń jí Dórísì kí àkùkọ tó kọ. Òjò rọ̀, wọ́n kí i kú òjò. Ooru mú, wọ́n kí i kú ooru. Ó jókòó jẹ́ẹ́ kò ṣe nǹkan kan, wọ́n tún kí i kú ìjókòó. Irú ilẹ̀ wo nìyí? Inú rẹ̀ a máa dùn ṣìnkìn.

Fàósátù, onílé wọn, ni olùkọ́ rẹ̀. Ìyá Kúbúrá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun sì ni ìyá àgbà Tàófíìkì, ọmọ ọwọ́ tí Kúbúrá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Láràárọ̀ ni yóò gbé ìgbálẹ̀ dání, tí yóò kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn àlejò rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa."

"Ọlọ́run á dá wọn sí."

"Àmín," Dórísì á sì fa àmín náà gùn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló fẹ́ràn jù, torí ojú Fàósátù máa ń rọ̀ bó bá dé ibẹ̀. Kò mọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Odindi ló gbé e mì, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ orin.

Ní Sátidé kan, díákónì Ọláṣẹ́gun bá wọn wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Wọn ò tíì kọjá Ìtòíkín tí Dórísì ti ka gbogbo ìkíni rẹ̀ fún un, tó ní kó túmọ̀ wọn fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọláṣẹ́gun ń túmọ̀, Dórísì ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi dé orí àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán.

Òun àti Wínsítìn kò bímọ. Wọ́n ti sunkún rẹ̀, wọ́n ti gbàdúrà rẹ̀, wọ́n sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà tì. Àṣé láti bí oṣù márùn-ún, obìnrin tó wá wàásù òtítọ́ ń sọ láràárọ̀ pé ara ọmọ tí kò sí le, Fàósátù sì ń ṣàdúrà lé e.

"Ìkíni lásán ni," Wínsítìn sọ fún un.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, Dórísì sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ohun tó máa tẹ̀lé e. Fàósátù á máa kí i dé orí Bàbá, á dákẹ́, á wá fojú àánú wò ó. Ojú àánú yẹn ti sú u ní Jàmáíkà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí Ọláṣẹ́gun ti kọ́ ọ ní ohun tó máa wí, ló tó rí ẹnu sọ ọ́. Fàósátù ń họ ìpẹ́ ẹja lẹ́yìnkùlé.

"Ìyá Kúbúrá, mi ò ní ọmọ kankan. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọ̀bẹ dúró díẹ̀ lára ẹja. "Mo ti gbọ́, mà," ni Fàósátù wí, ó sì ń họ ẹja rẹ̀ lọ.

Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, Dórísì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ìgbálẹ̀ tó dún.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

Fàósátù dákẹ́. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó dìde, ó wọlé lọ. Ó parí nìyẹn, Dórísì wí nínú ara rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Kò tíì nù ún tán tí Fàósátù fi jáde padà, Tàófíìkì ní apá kan, ọ̀já ní apá kejì.

"Mi ò lè máa kí àgbà ní ààbọ̀, mà," ó ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e sí yín lẹ́yìn. Kúbúrá ń padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Agric lónìí, èmi náà ń lọ sọ́jà. Ọ̀dọ̀ yín ni eléyìí á máa wà."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Dórísì, kò pọn ọmọ rí. Ó fọwọ́ méjèèjì di ìdí ọmọ náà mú bí ẹni tó ru ẹyin, ó ń rìn káàkiri àgbàlá, ó ń kọrin, ó ń bá adìyẹ sọ̀rọ̀. Wínsítìn gbé òòlù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Dórísì náà ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Ní ìrọ̀lẹ́, Fàósátù ti ọjà dé. Ẹnu géètì ló ti lanu, kí gbogbo Lásúnwọ̀n lè gbọ́.

"Ìyá Tàófíìkì, ẹ kú ilé o. Ọmọ ńkọ́?"

Wínsítìn ń kùn sínú pé kí ni òun máa sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá gbọ́ pé míṣọ́nnárì wọn ti di Ìyá Tàófíìkì. Dórísì kò gbọ́ tirẹ̀. Nǹkan kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn lọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Ó wà dáadáa," ó ní, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyókù. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ sí mi lẹ́yìn ni."