Ẹ̀rọ Tó Ń Dáhùn Gbogbo Ìbéèrè

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, nígbà tí aago mẹ́jọ àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀gá wa ti káńtà ìwé ọjọ́ ìbí pa. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ ìwé mọ́ gíláàsì: "Ẹ má to ìlà mọ́. Ẹ̀rọ ń dáhùn."

Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Gbogbo àkọsílẹ̀ ìbí ìlú wà nínú àká kan nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo kọ́ síwájú àká yẹn ni ẹnu ọ̀nà tí èèyàn lè gbà béèrè nǹkan láti ibikíbi, ní èdè ìbéèrè tó rọrùn. Kọ ohun tí o fẹ́ mọ̀, ìbáà ṣe orúkọ, ọjọ́ ìbí tàbí orúkọ ìyá, ìyẹn gan-an ni wàá rí gbà, kò ní lé, kò ní dín. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ìránṣẹ́ kékeré tirẹ̀ tó ń sáré wọ àká lọ mú un wá. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ lò ó. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gbà á, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlógójì, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì pé mẹ́rìndínlógójì ní oṣù karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló fẹ́ wá to ìlà. Èmi ni mo dá a dúró.

"Ṣé ó dá ọ lójú, àbúrò mi?"

"Ẹ jókòó sílé yín, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dé."

N kò sọ ohun tí ọ̀gá fi kún iṣẹ́ mi fún un. Buwọ́lùwé là ń pe ọ̀gá yìí lẹ́yìn rẹ̀. Bí gílóòbù bá jó, inú òkùnkùn la máa wà títí yóò fi fọwọ́ sí òmíràn.

"Ìdáhùn kankan ò gbọdọ̀ jáde níbí láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i," ló wí.

"Mo ti fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà, sà."

"Olè tó bá ti wọlé ńkọ́? Fi ẹ̀ṣọ́ sí yàrá kọ̀ọ̀kan."

"Sà, ẹni tó bá béèrè nǹkan mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lẹ máa fọwọ́ sí i."

"Ṣé ọwọ́ rẹ ni, àbí ọwọ́ mi?"

Nígbà tó jáde, Ìyá Káńtà, tó ti ń wá ìwé fún aráàlú láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, rẹ́rìn-ín sínú ife tíì rẹ̀. "Fi sí i fún un jàre. Bí ò bá rí nǹkan fọwọ́ sí lójúmọ́, ara rẹ̀ kì í yá."

Mo fi ẹ̀ṣọ́ ti ìránṣẹ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlélógójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dúró de ìfọwọ́sí ọ̀gá.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá nǹkan ti ń dúró de ìfọwọ́sí lójú kọ̀ǹpútà ọ̀gá. Wọ́n béèrè orúkọ ọmọ kan, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí ọmọ kan náà, ó fọwọ́ sí i. Títí ilẹ̀ fi ṣú, èèyàn mẹ́sàn-án péré ló rí ìdáhùn gbà tán. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àna rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bẹ̀ ẹ́. "Sà, ẹ jẹ́ kí n yọ ẹ̀ṣọ́ inú yàrá."

"Kí n yọwọ́ nínú iṣẹ́ mi?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣí káńtà nígbà náà."

"Àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ lọ́jọ́bọ̀, o fẹ́ kí wọ́n bá ìlà níbí?"

Lọ́jọ́rú, ó rí ojútùú. Ó ní ìbéèrè tí òun kò bá tíì fọwọ́ sí, kí ẹ̀rọ dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "A ti gbọ́ yín." Mo kọ ìyẹn náà.

Àwọn àlejò dé lọ́jọ́bọ̀. Olórí wọn tẹ ìbéèrè kan, kò tíì gbé ìka kúrò tí ìdáhùn fi dé: A ti gbọ́ yín.

"Ó mà yára o!"

"Kò sí ìbéèrè tí a kì í dáhùn, sà," ni ọ̀gá wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀yẹ, ó sì fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Ẹ̀rọ yín ní òun ti gbọ́ mi."

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìgbà mẹ́tàlélógún ló ti gbọ́ mi, àbúrò. Irú adití wo nìyí?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago kan ọ̀sán, ó dé fúnra rẹ̀. Ó wọ bàtà funfun tó rà sílẹ̀ de ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá Káńtà ní ìwé rẹ̀ wà ní pẹpẹ kẹrin, òun lè mú un kí a tó kà dé ogún, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ.

"Ìwọ tó o ṣe ẹ̀rọ," ló wí, "ìwọ náà lo fẹ́ gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ? Kó béèrè bíi ti gbogbo èèyàn. Tó bá kàn án, màá fọwọ́ sí i."

Mo padà sórí àga mi. Ìlà mẹ́rin péré nínú ohun tí mo kọ sínú ẹ̀rọ ni mo nílò láti pa rẹ́, kí ẹ̀ṣọ́ ọjọ́ ìbí kúrò lọ́nà. Mo gbé ìka lé e. Mo rántí pé oṣù tó ń bọ̀ ni ọ̀gá máa fọwọ́ sí i bóyá kí n máa ṣiṣẹ́ lọ. Mo gbé ìka kúrò.

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó kà á sókè. "Wọ́n ní orúkọ mi nìyí," ló wí, ó sì wò mí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ jáde ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi kò di nọ́ọ̀sì.