Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀ Tí Yóò Dé Catford

Hàlímọ̀tù fi ìka tẹ Catford mọ́lẹ̀ lórí máàpù bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ.

"Ibí yìí, ṣé ó máa débẹ̀?"

Wándé ni wọ́n kọ sí àyà ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró ti tábìlì. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ nà dé apá ọ̀dọ̀ wọn ló wá ṣàlàyé fún àwọn ará Peckham ní London.

"Ẹ káàsán, Mummy. Ìlà tó nípọn yìí máa gba Old Kent Road lọ sí Lewisham. Èyí tó lọ sí Catford, a ṣì ń wò ó ni."

"Ẹ ti ń wò ó tipẹ́!" Kàbírù, aládùúgbò Hàlímọ̀tù, sọ láti ẹ̀yìn. "Irun orí mi ṣì dúdú nígbà tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa ní North Peckham. Ìyá Nasir, ṣé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì yín?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀tù náà rẹ́rìn-ín.

Sìdíkàt, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Catford. Àìsàn ìgbàgbé ti kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀ lọ. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ní kó lanu, ńṣe ló máa di eyín pọ̀. Àfi kí Hàlímọ̀tù jókòó tì í, kó ní, "Àṣàkẹ́ mi, gbà, jẹ ẹ́." Bọ́ọ̀sì méjì ni débẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èkejì ṣí kí Hàlímọ̀tù tó jókòó, ó gbé e ṣubú. Nasir ọmọ rẹ̀ ní ó parí, kò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn nígbà tó ń bọ̀ níbí.

"Ìgbà wo ni, ọmọ mi?"

"Mummy, even Lewisham, gọ́fúmẹ́ǹtì ò tíì fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, á tó twenty-forty. Catford, ó di ẹ̀yìn ìyẹn."

Hàlímọ̀tù dúró dè é. Ọmọ Yorùbá kì í dárúkọ ọjọ́ tó jìnnà bẹ́ẹ̀ létí àgbà kó má fi kún un pé, á ṣojú yín. Kódà àwọn òpùrọ́ ń sọ ọ́.

Wándé wò ó lójú. Ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mummy."

Àmín ti wà létè Hàlímọ̀tù, àdúrà ni kò wá. Wọ́n á ti máa gbé oúnjẹ ọ̀sán síwájú Sìdíkàt báyìí.