Màmá Ní Ká Fà Á Ya

Àbúrò mi kì í ya ojú, kì í ya imú. Tàdáwà ló fi ń ṣiṣẹ́, tàdáwà kò sì ṣeé pa rẹ́. Kí o tó ṣẹ́jú, ìlà díẹ̀ ti di ènìyàn lórí ìwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá ń ṣí ìwé ìyàwòrán rẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì, wọ́n rẹ́rìn-ín sí nọ́ọ̀sì tó ń tòògbé. Lójijì, ẹ̀rín dá. Obìnrin kan dúró síbẹ̀, ọwọ́ kan ní ìbàdí, orí sí ẹ̀gbẹ́, èjìká kan ga ju èkejì lọ.

“Ta ni aláìlójú yìí?”

“Ẹ̀yin ni, Mà,” ni mo wí. Ẹ̀rín ń pa mí.

“Èmi kẹ̀? Bí ẹni tó fẹ́ bá àgbò jà? Èmi kì í dúró báyẹn. Ẹ fà á ya!”

Ojú àbúrò mi fà ro. Nínú gbogbo ohun tó ti yà, èyí ló fẹ́ràn jù. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìlà kan ṣoṣo ló ti ẹ̀yìn ọrùn dé gìgísẹ̀, síbẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn Màmá nínú rẹ̀.

“Ó dáa,” ni mo wí, “kó tún yín yà. Tí ẹ bá tún dúró báyẹn, a ò ní fà á ya mọ́.”

Màmá gbà. Wọ́n kun pọ́dà, wọ́n fi yẹtí sí, wọ́n wá jókòó gan-an bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga. Pẹ́ẹ̀nì kò rìn. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, igi ló ń dà.

Mo wúkọ́. “Màmá, mo ti gbé ìkòkò yín tuntun fún aládùúgbò wa o. Ó ní òun ò mọ̀gbà tí òun máa dá a padà.”

Wọ́n fò dìde. “Ìkòkò mi wo? Ta ló rán ẹ níṣẹ́?” Ọwọ́ ti dé ìbàdí, orí ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pẹ́ẹ̀nì àbúrò mi ń sáré.

“Irọ́ ni o, Mà! Ó wà ní ilé ìdáná!” Mo bẹ́ sẹ́yìn àga.

Màmá wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n wo ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn.

“Ẹ̀bùrú lẹ gbà yọ sí mi. Ó dáa, kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀bọ tó sá pamọ́ sẹ́yìn àga nínú àwòrán yìí?”

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìdí lókè, orí nísàlẹ̀. Inú bí mi gidi.

“Èmi kọ́ nìyẹn! Fà á ya!”

Màmá gbá àbúrò mi lápá. “Yára! Ya òun náà!”

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ìbàdí mi, mo bá ọwọ́ mi níbẹ̀.