Ìwé Àwọn Tó Wá Sípàdé

Ìwé náà ṣì gbóná nígbà tí akọ̀wé ilé iṣẹ́ awakùsà fà á yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ojú ewé kejì ló kọ́kọ́ rí: orúkọ mẹ́rìnlélógójì, oníkálukú sì tẹ̀ka síwájú tirẹ̀. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló ṣíwájú. Ìwé àwọn tó wá sípàdé tí ilé iṣẹ́ náà bá àwọn onílẹ̀ ṣe lóṣù tó kọjá ni. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló gbé e káàkiri, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ka, kí ilé iṣẹ́ awakùsà lè mọ̀ pé wọ́n wá.

Ojú ewé kìíní ni kò mọ̀ rí. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àwa onílẹ̀ gbà kí wọ́n wa kùsà lórí òkè wa." Òkè tí ibojì àwọn èèyàn wọn wà. Ìyá tó bí akọ̀wé pàápàá wà níbẹ̀.

Inú bí i. Ó gbé ìwé náà wọ ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Sà, ìwé yìí kọ́ ni wọ́n tẹ̀ka sí."

"Wọ́n wá, àbí wọn ò wá?"

"Wọ́n wá gbọ́rọ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, a kì í dáhùn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́jọ́ tá a bá gbọ́ ọ. Wọ́n ṣì ń jókòó lé e lórí."

"Ṣé ẹnì kan dìde pé òun ò gbà?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Àwọn ìjọba ń bọ̀ wá gbà á láago méjì. Ṣáà bá mi dì í pọ̀."

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ pé, "A bọ̀wọ̀ fún onílẹ̀." Ọ̀wọ̀ orí ògiri, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ dé orí tábìlì. Ojú kì í tiẹ̀ ti àwọn èèyàn yìí.

Akọ̀wé ki ìwé náà bọ báàgì, ó sì jáde. Nígbà tó délé, ó kà á fún Ìyá Àgbà látòkè délẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀gá wa ló ṣe é."

"Mi ò mọ ọ̀gá yín. Ká ní òun ló ní kí n tẹ̀ka ni, mi ò ní dá a lóhùn. Ìwọ ni mo tẹ̀ ẹ́ fún." Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. "Mú mi lọ bá àwọn ìjọba náà."

Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà dè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, àwọn tó kàwé jù ú lọ pọ̀ lórí ìlà, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọmọ ìlú. Ó ti fi ń yangàn láti ọdún méjì. Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún.