Sùtánà Tí Wọ́n Fẹ́ Dá Padà

Rosemary, ọ̀rẹ́ Ìbíwùmí, ló kọ́kọ́ sọ fún un pé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó ń ra ọjà tí ẹlòmíràn kò bá tíì kọ ọ̀rọ̀ rere sí abẹ́ rẹ̀. Ilé ìdáná Ìbíwùmí ní Goresbrook, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ti sọ ọ́, mọ́ínmọ́ín wà lẹ́nu rẹ̀. Ìbíwùmí, tí gbogbo ìjọ Aládúrà wọn mọ̀ sí Ìyá Mìdé, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sórí fóònù ni. Sùtánà funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló ń tà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì rà á, ìyẹn náà sì ni Mìdé ọmọ rẹ̀, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Mìdé dìde. Ó bẹ àwọn tó ti ń wọ sùtánà rẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n bá òun kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn yìí mọ̀ láti gbà yin nǹkan ní gbangba: ẹ̀rí ni wọ́n máa ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé aṣọ náà kì í ṣá, tàbí pé ojú rírán rẹ̀ dára.

“Ẹ bá mi yin Olúwa!” ni Bàbá Dávídì kọ. “Mo wọ sùtánà yìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, fún wa nílé ní Barking Riverside.” Ẹlòmíràn ní orúnkún òun ti gbàgbé ìrora. Ti Rosemary ló wá ga jù: “Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin arẹwà kan bi mí lórúkọ ní ìdíkọ̀ rélùwéè Barking. Alelúyà méje!”

Ni ọjà bá ṣí. Láti Peckham, láti Manchester, wọ́n ń ra sùtánà bí ẹni ń ra omi. Ìyá Mìdé mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá aṣọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́? Kódà, àwọn akọrin ìjọ ńlá kan fẹ́ rán tiwọn lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn pátá. Màmá Olúbọ̀dé, olórí wọn, ní òun á kọ́kọ́ ka ohun gbogbo tí àwọn èèyàn kọ sórí ṣọ́ọ̀bù náà, òun á sì fèsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni obìnrin kan tí Ìyá Mìdé kò rí rí kan ilẹ̀kùn, ó di àpò ọ̀rá mú bí ẹni gbé ẹjọ́ wá.

“Ẹ káàsán, mà. Abíọ́lá ni mí. Ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù sùtánà?”

“Èmi ni. Wọlé, sístà mi.”

“Mo wá dá a padà ni.” Ó ju àpò náà sórí tábìlì. “Láti ìgbà Àjíǹde ni mo ti ń wọ̀ ọ́. Kò sí ọkùnrin kankan tó bi mí lórúkọ. Kò tilẹ̀ sí arúgbó kan! Ẹ dá owó mi padà. Lónìí yìí, èmi náà á kọ ẹ̀rí tèmi síbẹ̀.”

Bí Màmá Olúbọ̀dé bá ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, aṣọ akọrin ti lọ nìyẹn. Ìyá Mìdé sáré wọ ilé ìdáná, ó pe Rosemary lórí fóònù.

“Rosemary, ọkùnrin tó bi ọ́ lórúkọ ní Barking, ta ni?”

“Èwo? Ẹn-ẹ́n! Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ni. Káàdì mi kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.”

“Rosemary!”

“Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Ó bi mí àbí kò bi mí? Ó tiẹ̀ bi mí ní àdírẹ́sì.”

Ìyá Mìdé pa fóònù. Ó wo aago ara ògiri. Ó kù díẹ̀ kí Àkànmú dé, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹrù lọ fún àwọn oníbàárà. Ìyàwó Àkànmú ti kú tipẹ́, kò sì sí ọjọ́ tó wá tí kì í sọ pé, “Ìyá Mìdé, ẹ máa bá mi wo ìyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín yẹn o.”

Ìyá Mìdé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sí pálọ̀.

“Sístà Abíọ́lá, bóyá ibi tí mo ti rán an ni kò dára. Gbé e wọ̀ kí n rí i.”

“Nínú ilé onílé?”

“Ṣebí owó lo fẹ́ gbà? Aṣọ tí mo bá máa gbà padà, mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lára. Bọ́ bàtà rẹ o, o mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí i.”

Abíọ́lá kùn, ó bọ́ bàtà, ó wọ sùtánà. Ìyá Mìdé fa apá aṣọ, ó tún ọrùn rẹ̀ ṣe, ó ní kó yípo, ó ní kó tún yípo. Ibi tó ti ń wá àlébù tí kò sí ni aago ẹnu ọ̀nà ti dún.

“Jọ̀ọ́, bá mi ṣílẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi.”

Kò sí abẹ́rẹ́ kankan lẹ́nu rẹ̀.

Abíọ́lá ṣílẹ̀kùn. Àkànmú wo aṣọ funfun náà, ó wo ojú ẹni tó wọ̀ ọ́, ó gbàgbé ẹrù tó wá kó.

“Ẹ... ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?”

Láti ọjọ́ tó ti ń kó ẹrù níbẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni lórúkọ rí.

Abíọ́lá yíjú sí Ìyá Mìdé, ojú rẹ̀ là bí àwo. Ìyá Mìdé ń ká òwú tí kò sẹ́ni tó tú u.

“Abíọ́lá ni mí,” ni obìnrin náà dá Àkànmú lóhùn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Orúkọ tó dùn. Apá ibo lẹ̀ ń lọ? Dagenham East lọkọ̀ mi ń lọ.”

“Ibẹ̀ náà ni mò ń gbé.”

“Owó rẹ ńkọ́?” ni Ìyá Mìdé ké láti pálọ̀. “Mo ti mú fóònù kí n fi í ránṣẹ́.”

“Owó wo, mà? Ẹ gbàgbé ìyẹn. Tí mo bá délé, màá kọ ẹ̀rí mi.”

Àkànmú kó ẹrù méjì, ó fi ìyókù sílẹ̀. Abíọ́lá tẹ̀lé e, afẹ́fẹ́ ń gbé sùtánà náà lẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni Ìyá Mìdé rí bàtà onígìgísẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó gbé e, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà.

“Sístà! Bàtà rẹ o! Ilẹ̀ tutù!”

Abíọ́lá fẹsẹ̀ lásán gun ọkọ̀, kò bojú wẹ̀yìn.