Ẹni Kẹẹ̀ẹ́dógún

Aláìsàn méje ló ṣì jókòó sí yàrá ìdúró nígbà tí Dókítà Fẹ̀hìntọlá bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, tó fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lena, akọ̀wé ilé ìwòsàn náà, wo aago ara ògiri, ó sì wo ọ̀gá rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù.

"Sọ fún Dókítà Anna kó bá mi rí wọn," ni Fẹ̀hìntọlá wí ní èdè Jámánì. "Hamburg ni mò ń lọ. Ó di ọ̀la."

Lena kò bi í léèrè ìdí. Òun ló ya àpòòwé lẹ́tà tó ti Hamburg dé láàárọ̀ yẹn. Ó ti kà á.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e kúrò ní Märkisches Viertel ní Berlin, láàárín àwọn ilé gogoro tí òun ti ń tọ́jú àwọn ará inú wọn láti ọdún mẹ́sàn-án, Fẹ̀hìntọlá kò tún lẹ́tà náà kà. Nínú ọkọ̀ ojú irin náà, kò kà á. Ó ti há sí i lórí. Dókítà ọpọlọ kan ní Hamburg ló kọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ̀hìndé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kò ní Demenz, àìsàn ìgbàgbé. Iyè rẹ̀ kò ra. Ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọ̀fun rẹ̀ ló ti dẹwọ́ iṣẹ́, tó fi di pé ara àti ọpọlọ bàbá náà ń lọ́ra. Wọ́n ti fún un ní oògùn, ó sì ti ń bọ̀ sípò. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló gún Fẹ̀hìntọlá bí abẹ́rẹ́: a kò rí èsì ìdánwò ẹ̀jẹ̀ kankan nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́.

Kò sí èsì, nítorí kò sí ìdánwò.

Ìparí oṣù kẹta ni Bàbá Ọláṣẹ̀hìndé wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti oṣù kìn-ín-ní. Ó ń gbàgbé orúkọ àwọn èèyàn, ó ń fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, aago tí Fẹ̀hìntọlá sì ní kó yà sórí ìwé láti fi dán iyè rẹ̀ wò, kò fi ọwọ́ kankan sí i. Lọ́dún yẹn, ilé-iṣẹ́ adójútòófò ìlera kan ń san owó fún àwọn dókítà ẹbí lórí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí àìsàn ìgbàgbé lára rẹ̀. Èrò rere ni. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń gbé e kiri láìsí ẹni tó mọ̀, títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ lọ́wọ́. Dókítà tí tirẹ̀ bá sì pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí oṣù mẹ́ta tó yí po yóò gba àfikún.

Fẹ̀hìntọlá ti rí mẹ́rìnlá. Kò sí irọ́ nínú mẹ́rìnlá yẹn. Àwọn ẹbí wọn ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn bó ti ń tẹ orúkọ bàbá náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní àwọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé, Tọ́baọlá ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ sí ilé tirẹ̀ ní Altona, ní Hamburg.

Ó gbìyànjú nínú ọkọ̀ láti rántí ohun tó fi owó náà ṣe. Àga yàrá ìdúró ni, àbí owó iná? Kò rántí.

Tọ́baọlá ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ káàsán, Dókítà," ó ní, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n wà ní bálíkónì."

Bàbá Ọláṣẹ̀hìndé wọ kóòtù, ó jókòó, ó ń wo àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù gíga èbúté Hamburg lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n já ẹrù ọkọ̀ ojú omi kó tó fẹ̀yìn tì lọ sí Berlin.

"Dókítà mi. Ẹ kú ìrìn àjò. Ṣé kò sí o?"

Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Àìsàn tí mo ní ó ń ṣe yín, kò ṣe yín rí. Mo kánjú."

"Wọ́n ti ṣàlàyé fún mi níbí. Àṣìṣe ni. Ta ni kì í ṣe é?" Ó na ọwọ́ láti fà á dìde.

Ọwọ́ náà gbóná. Ì bá rọrùn kó dìde, kó mu omi, kó padà sí Berlin.

"Kì í ṣe àṣìṣe nìkan, sà. Wọ́n ń sanwó fún wa lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹnì kan kí tèmi pé, ẹ sì wọlé. Ká ní kò sí owó yẹn ni, ǹ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ yín kí n tó sọ ohunkóhun."

Tọ́baọlá, tó ń gbé omi bọ̀, gbé àwo náà kalẹ̀.

"Mo dín iṣẹ́ mi kù sí ìdajì," ó ní, kò gbóhùn sókè. "Mo gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wòlíì fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Mo ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Oṣù méje, Dókítà."

"Mo máa kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, mo máa sọ ohun tí mo ṣe. Mo máa pa á rẹ́ nínú gbogbo ìwé wọn."

Bàbá náà tún kọjú sí èbúté, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ọmọ rẹ̀ ló wò.

"Tọ́baọlá, ohun tí mo gbọ́ yẹn, ṣé òun ni dókítà sọ lóòótọ́?"

"Òun ni, Dádì."

"Pé owó ni?"

"Pé owó ni."

Ó mi orí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ nígbà tó wo Fẹ̀hìntọlá. Bí ẹni pé ojú ń tì í ni. "Ẹ má bínú. Láti ìgbà tí ẹ ti sọ̀rọ̀ yẹn, bí mo bá gbọ́ nǹkan báyìí, mo ní láti kọ́kọ́ bi Tọ́baọlá kó tó dá mi lójú."

Fẹ̀hìntọlá wà lórí orúnkún níbẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun tó ti ń bà á lẹ́rù ni pé bàbá náà yóò lé òun jáde. Kò tíì rò ó rí pé bàbá náà gba òun gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ, àti pé láti oṣù méje ló ti ń gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́.